Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá ìbọn ìléwọ́ .22

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Àbúrò wa kan ní Houston béèrè lánàá pé ìbọn ìléwọ́ .22, ìyẹn irú tó ń yin ọta tín-ín-rín, tí òun fi ń yìnbọn sójú àmì lópin ọ̀sẹ̀ ti ń fọ́n ọta káàkiri, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi ayùn gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, tàbí kí òun ra òmíràn kí òun sì dè é fúnra òun. Mo bẹ̀ ẹ́, kó gbé ayùn náà sílẹ̀ ná. Lójú tèmi, ìdọ̀tí àti ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú ọ̀pá ló sábà máa ń fa irú wàhálà yìí, kì í ṣe gígùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló ṣáájú. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wà níhìn-ín pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́ láàyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bíi níní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kú. Ti ẹni tó ní green card yàtọ̀ sí èyí. Ẹ rántí pé níní lọ́wọ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe ríra nìkan, nítorí náà ìbọn tí ọ̀rẹ́ yá yín lè kó bá yín.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, òjé ni ọ̀pọ̀ ọta .22, irú òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rá tàbí ìda ra á lára. Bí ẹ bá ti yìn ín pẹ́, ọ̀rá, èéfín ẹ̀tù àti òjé á para pọ̀, wọn á sì le bí èépá níwájú ihò tí ọta ń jókòó sí. Ẹ kọ́kọ́ yọ àpò ọta kúrò, ẹ fa irin tó ń ti ọta wọ ihò sẹ́yìn, kí ẹ fi ojú àti ìka yẹ ihò náà wò pé ó ṣófo, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti òróró ìfọbọn ṣiṣẹ́. Bí ìbọn yín bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ti ẹ̀yìn fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀pá ni mo ń ti ọ̀pá ìfọbọn onírin bọ̀, títí ó fi ha etí ẹnu náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń lé ọta jáde wá ń gba ẹ̀gbẹ́ yẹn yọ ṣáájú, gbogbo ọta mi sì ń fì sí apá kan. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ló fi ẹ̀rọ gé etí náà tó tún gún régé.

Ẹ ṣọ́ra fún fífa ìbọn òfìfo pẹ̀lú. Etí ìdí ọta .22 ni abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún kó tó tanná, nítorí náà bí ọta kò bá sí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ náà lè lu etí ihò irin, kó sì mú un yọ gọngọ, ìkarahun ọta á wá máa há. Nínú Ruger Mark, oríṣi ìbọn ìléwọ́ .22 kan, pín-ìn-nì kékeré kan ló ń dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Ẹni tó bá tú u, tó sì gbàgbé láti dá pín-ìn-nì yẹn padà, á fọwọ́ ara rẹ̀ ba ihò náà jẹ́.

Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ ọ̀pá, ẹ wo ibi tí nọ́ńbà ìbọn wà, torí apá tó ní nọ́ńbà yẹn ni òfin kà sí ìbọn. Ara férémù, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó ní ìdìmú, ló wà nínú Browning Buck Mark, oríṣi .22 mìíràn, ìdè kan ló sì mú ọ̀pá rẹ̀ dání, nítorí náà ọ̀pá tí ilé iṣẹ́ ṣe kì í ṣe ìbọn lójú òfin ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Ruger Mark IV, ara irin òkè tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá ní ilé iṣẹ́ ni nọ́ńbà wà. Ẹni tó ra irin òkè yẹn ra ìbọn, ó sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má ra ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ ní ìlà ìdè, irú èyí tí a lè de nǹkan mìíràn mọ́, kí ẹ tó mọ òfin ìpínlẹ̀ yín. Ní California, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lórí ìbọn ìléwọ́ tó ń kó ọta fúnra rẹ̀, tí àpò ọta rẹ̀ ṣeé yọ, máa ń sọ ọ́ di ìbọn tí òfin kà léèwọ̀. Ẹni tó ń kó láti Texas lọ síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fo èyí.

Ìdáhùn láti London: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo rí .22 kan ní ẹgbẹ́ ayìnbọn wa níbí, ọ̀pá rẹ̀ gùn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lẹ́yìn ìdìmú rẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn mi: Àbúrò mi, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní ilé ìwé kan ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù kẹta ọdún 1996, òfin méjì tó ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ jáde ní ọdún 1997, èkejì ló sì mú .22 mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ní England, Scotland àti Wales, ìbọn kékeré tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó sẹ̀ntímítà 30, tàbí tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò tó 60, ti di èèwọ̀ fún ará ìlú. Irin ẹ̀yìn yẹn ló ń mú gígùn rẹ̀ pé. Ẹni tó bá gé èyíkéyìí nínú méjèèjì ti ní ìbọn èèwọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sì ni òfin fi ṣe ìpilẹ̀ ìyà rẹ̀ fún àgbàlagbà, àfi tí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti dín in kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú yín, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ síbi ìyìnbọn tàbí tí ẹ fi fọ ìbọn kí ẹ tó gbé wọn mọ́ra, nítorí eruku òjé máa ń wọ ọpọlọ ọmọdé.