Tarkwa Bay: ìsinmi etí òkun tí agbára gbogbo wa ká

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ bẹ́ ẹ ṣe lọ lo ìsinmi létí òkun Zanzibar, ẹ kú ìgbádùn o. Tèmi ò kọjá Èkó. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ dàgbà ní Ṣómólú ni, owó tí ń wọlé fún wa ò sì tíì tó èyí tá a fi ń wọ bàálù lọ wo òkun. Tarkwa Bay la lọ.

Kò sí títì tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ni. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní CMS tàbí ní jẹ́tì Tarzan ní Victoria Island. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń jò lọ́wọ́ àlejò. Tí wọ́n bá pe iye kan, ẹ bi wọ́n: ṣé àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀? Ṣé orí kọ̀ọ̀kan ni àbí gbogbo ọkọ̀? Àwa kún ọkọ̀ kan, a sì dá owó rẹ̀ jọ. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, torí bẹntiróòlù ò jẹ́ kó dúró lójú kan. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó wa ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì wọ ọkọ̀ tí kò bá ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó péye fún gbogbo yín. LASWA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ti sọ ọ́ di dandan, àmọ́ ká tiẹ̀ pa ti òfin tì, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Omi ibẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju etíkun Elégúṣì ní Lẹ́kì lọ. Òkun Èkó ò gba eré. Ìgbì á gbé èèyàn lulẹ̀, á tún wọ́ ọ padà sínú. Ṣùgbọ́n Tarkwa Bay wà lẹ́yìn ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu ọ̀sà ní 1908 kí ọkọ̀ òkun lè rọ́nà wọ Èkó, òkúta yẹn ló ń gba ìgbì dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá, tẹ́rù omi ti ń bà láti kékeré, wọ omi dé àyà, kò sì fẹ́ jáde mọ́. Ayọ̀ tí mo rí lójú rẹ̀ tó gbogbo owó tí mo ná.

Òkúta kan náà ló ba Bar Beach jẹ́, ó dùn mí láti sọ ọ́. Yanrìn tí òkun ń kó bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ò rọ́nà kọjá mọ́. Ó jókòó sí Lighthouse Beach, omi wá ń jẹ ilẹ̀ Victoria Island wọnú. Etíkun táwọn ìyá wa máa ń lọ lọ́jọ́ ọdún ti di Eko Atlantic báyìí.

Oúnjẹ ńkọ́? A se jọ̀lọ́fù láti ilé, a gbé kúlà àti ẹní dání. Ẹja yíyan nìkan la rà, ọwọ́ àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ la sì ti rà á, mo sì rọ̀ yín kẹ́yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé wọn níbẹ̀. Owó tí àlejò bá ná síbẹ̀ kì í ṣe kékeré lójú wọn. Tàwọn tó ń yáni ní àga àti ibòji, ẹ dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó jókòó.

Ọ̀kan nínú wa ò níṣẹ́ lọ́wọ́ lásìkò yẹn. A pín owó tó yẹ kó san láàárín ara wa, a ní kó bá wa dáná. Ká ní ilé etíkun olówó ńlá ní Ilashe la fẹ́ gbà ni, ì bá ti wá àwáwí kan jókòó sílé, a ò bá sì má mọ̀dí ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo àpò ẹni tówó ẹ̀ kéré jù láàárín yín nìyẹn, kẹ́ ẹ tó mú ibi tẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ sì ti wọ ọkọ̀ àbọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ti lọ Ilashe rí láìgba ilé olówó ńlá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?