Òjò ní Porto: ibi tí tọkọtaya lè yà sí, àti wáìnì tó wà ní òdìkejì odò

Bísí (Leeds): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti ọkọ mi máa wà ní Porto, ní ilẹ̀ Pọtogí, lóṣù Kọkànlá, ọjọ́ kan ṣoṣo la ní láti fi wo ìlú. Tí òjò bá lọ rọ̀ ńkọ́? Òun fẹ́ tọ́ wáìnì wò, èmi ò sì fẹ́ kí òjò pa mí.

Bàbá Tóbi (Lisbon): Ẹ fọkàn sí i pé á rọ̀, àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi agboòjò sílé, atẹ́gùn òkun á ṣẹ́ ẹ. Aṣọ òjò tó ní ìbòrí ló dáa. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ, torí òkúta kéékèèké ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, ó ń yọ̀ tó bá tutù, gbogbo ìlú sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò.

Ibùdókọ̀ rélùwéè São Bento ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Táìlì bí 20,000 ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀, Jorge Colaço ló ya àwòrán wọn. Ẹ wá ibi tí Ọba João Kìíní ti ń wọ ìlú pẹ̀lú Philippa, ìyàwó tó fẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1387. Àwọ̀ búlúù ló pọ̀ jù, àmọ́ ẹ gbójú sókè: ọ̀já tó wà lókè pátápátá ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ìtàn ọkọ̀ àti ìrìnnà ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, Palácio da Bolsa, ilé ńlá tó jẹ́ ọjà ìpín-ìdókòwò nígbà kan. Amọ̀nà ló ń mú èèyàn yípo ibẹ̀, ẹ mú àsìkò tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òkúta lásán lẹ máa rí níta, inú rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò.

Dúpẹ́ (Croydon): Livraria Lello, ilé ìtàwé yẹn náà ńkọ́?

Bàbá Tóbi: Ìta ni wọ́n ti ń tò, inú òjò. Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á yọ owó rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ra ìwé. Lójú tèmi, ẹ fò ó.

Ìyá Ìbejì (Manchester): Gaia, ìlú tó wà lódìkejì odò Douro, ni wáìnì Port wà. Ẹ má fẹsẹ̀ gba orí afárá Dom Luís nínú atẹ́gùn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Metro Line D ní São Bento, ibùdó tó tẹ̀ lé e ni Jardim do Morro. Káàdì Andante tí wọ́n fi ń wọkọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ o, tọkọtaya ò lè pín ẹyọ kan. Ẹ fi kan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì tún fi kàn án bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọkọ̀. Ìtanràn wà.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó débẹ̀! Nígbà tí ìwúkàrà ṣì ń sọ omi àjàrà di ọtí ni wọ́n ń da ọtí líle tó jẹ́ 77% sí i. Ìwúkàrà á kú, ṣúgà á ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn lẹ́nu, tó sì tún máa ń wà láàárín 19 sí 22%. Adùn yẹn ló ń tan èèyàn jẹ.

Oríṣi Port ló wà: ruby ń gbé inú àgbá ńlá, kì í pàdánù àwọ̀ pupa rẹ̀. Tawny ń gbé inú àgbá kékeré, atẹ́gùn ń gba ara igi wọlé, ó ń di àwọ̀ igi. Ẹ tọ́ ruby wò ṣáájú, kẹ́ ẹ tó kan tawny ọdún 10 àti 20. Tawny náà ni kẹ́ ẹ rà lọ sílé, tẹ́ ẹ bá ṣí i ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú fíríìjì. Vintage, Port tí wọ́n fi àjàrà ọdún kan ṣoṣo ṣe, kì í ju ọjọ́ méjì lọ tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ó sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ẹ gbé ìgò rẹ̀ nàró fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ rọra dà á.

Dúpẹ́: Kọ́sítọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, tí wọ́n bá ń padà bọ̀?

Ìyá Ìbejì: Lítà 9 fún àgbàlagbà kan, ìgò 12 nìyẹn, bí kò bá ti ra ọtí tó ju 22% lọ. Tó bá lé, gbogbo rẹ̀ lẹ máa sanwó lé lórí, kì í ṣe èyí tó lé nìkan. Báàgì ọwọ́ nìkan lẹ gbé? Ẹ rà á nínú pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò.

Bàbá Tóbi: Bísí, tó bá jẹ́ páálí Nàìjíríà ni ọkọ yín ń lò, físà Gẹ̀ẹ́sì ò lè mú un wọ Pọtogí. Físà Schengen, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ló máa gbà, pẹ̀lú ìwé adójútòfò ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò. Ẹ tètè mú ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹ tó san owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í dá padà.