Ẹ̀yin tó ti gbé nílé ìsinmi láàárín Kútọnu rí, ẹ wá sọ̀rọ̀

Ìyá Ìbejì Kúbwa: Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi àti baálé mi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ rí òkun. Wọ́n fi ilé oníyàrá méjì kan hàn wá ní Ganhi, àárín Kútọnu gan-an. Ẹni tó bá ti gbé irú ẹ̀ rí, iná ńkọ́? Ariwo ńkọ́?

Lúgbè Boy: Adágún Jabi wà ní Àbújá níbí. Omi ni omi ń jẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kàdúná: Odò tí wọ́n sé lẹ fẹ́ fi wé òkun? Ó dáa o.

Aláṣọ Wuse: Ọjà Tọkpá ni mò ń ná, torí náà àárín ìlú ni mo máa ń gbé. Ariwo wà, mi ò ní purọ́. Àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò yẹn, zemidjan, á ti máa fun fèrè kílẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tọjà dé, ẹrù lórí, ẹrù lọ́wọ́, àgádágodo ẹnu ọ̀nà ò ṣí. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ti bá a jà, ó ti dípẹtà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí ó fẹ́ kán sínú ẹ̀. Mo pe onílé, fóònù ò lọ. Ìyá kan tó ń dín àkàrà níwájú ilé ló dìde, ó fi ìyẹ́ adìẹ kán òróró sínú ihò ẹ̀, ó ní "dúró, dúró". Yorùbá tó gbọ́ ò ju ìyẹn lọ. Ó padà lọ yí àkàrà ẹ̀, ó bọ̀, ó rọra yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kọ́! Àkàrà ẹ̀ náà ni mo jẹ sùn.

Bàbá Gwarinpa: Àgádágodo ni wọ́n fi ń ti ilé tí wọ́n ń gbowó ńlá lé lórí? Mi ò gbà.

Aláṣọ Wuse: Ẹ má gbà, sà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ ra irin fèrèsé wọn, kẹ́ ẹ wá tọ́ ọ wò.

Nọ́ọ̀sì Nyanya: Òótọ́ ló sọ. Aṣọ tí mo fọ̀, ó di ọjọ́ kejì ó ṣì tutù. Èmi tí ọyẹ́ Àbújá ti mọ́ lára! Ẹnì kan tún ń ta kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, nínú ìgò lábẹ́ fèrèsé wa, òórùn epo yẹn ò jẹ́ ká sùn.

Lúgbè Boy: Epo Nàìjíríà tó sá kúrò nílé, ẹ tún lọ bá a níbẹ̀ 😂

Ẹ̀gbá ní Garki: Ère Amazone ò jìnnà síbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ya fọ́tò níbẹ̀ láéláé.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kàdúná: Kí ló dé?

Ẹ̀gbá ní Garki: Obìnrin ogun Dàhómì ni wọ́n gbé dúró ga tó 30 mítà yẹn. Àwọn ló bá wọn gbógun wá sí Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Kí n wá máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ wọn?

Bàbá Gwarinpa: Ṣebí ẹ̀yin lẹ borí lẹ́ẹ̀mejèèjì? Ará Kétu tí wọ́n fọ́ ìlú wọn ní 1886 ni kó bínú.

Lúgbè Boy: Ẹ̀gbá yìí sì ń jẹ ìrẹsì Kútọnu.

Ẹ̀gbá ní Garki: Ìrẹsì ò gbógun.

Ìyá Ìbejì Kúbwa: Ẹ̀yin ará, iná ni mo béèrè o!

Nọ́ọ̀sì Nyanya: Ẹ má bínú, mà. Nílé tí a gbà, iná ò ṣẹ́jú, àmọ́ àwa la ń rà á fúnra wa. Táwọn ọmọ bá tan AC mọ́jú, owó sèfà yín á yọ́. Ẹ bi onílé dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ mú káàdì yẹ́lò abẹ́rẹ́ àjẹsára gbogbo yín dání. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọnú omi létí òkun Fidjrossè, orí yanrìn ni kí wọ́n ti ṣeré. Ìgbì ibẹ̀ ń fa àgbàlagbà lọ.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kàdúná: Láti Mile 2 l'Ékòó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, okùn táwọn agbófinró ń na sójú títì á sú yín. Ẹ bá bàlúù lọ.

Ìyá Ìbejì Kúbwa: Ẹni mẹ́rin? Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san án ni?

Bàbá Gwarinpa: Ẹ wọkọ̀ ilẹ̀, kẹ́ ẹ di páṣípọ́ọ̀tì mú. Ẹni tí ò ní i ló ń fowó "ṣe wọ́n dáadáa" káàkiri.

Aláṣọ Wuse: Bàbá, àwa tá a ní i náà ń ṣe wọ́n dáadáa o.