Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò Ghana yẹn

Ẹ ṣé o. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ wa ní Ifẹ̀ lọ ṣe họ́lídè nílé ọmọ aláìlóbìí kan ní Ghana, ká máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n bi àwọn tó ń bójú tó ilé náà ṣé wọ́n máa gba ìwé ọlọ́pàá tó ń fi hàn pé èèyàn ò ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn lọ́wọ́ wa àti ṣé àwọn ọmọ náà ò lóbìí lóòótọ́. Wọ́n ní ìwé ò pọndandan, ká ṣáà ti sanwó, òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà láyé, ìṣẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú (UNICEF, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, náà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn). Ta ló máa dá ọmọ padà sílé nígbà tí àlejò ń sanwó wá wò ó? Mo kà á sétí ẹgbẹ́, mo fi ìpinnu UN ti 2019 tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ kún un, èyí tó ní kí àwọn ìjọba dènà ewu tó wà nínú kí àlejò máa lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ọmọ aláìlóbìí, wọ́n fagi lé ìrìn àjò náà.

Ìmọ̀ràn ti pé ká fowó náà san skúùfíìsì àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìlódè nífẹ̀ níbí, ìyẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí àwọn kan yọwọ́, Ghana ni wọ́n fẹ́ rí tẹ́lẹ̀ jàre. Ó wá ku owó àsansílẹ̀ wa, ajẹ́ńtì ní ìdajì lòun máa dá padà, kò sì tíì wọlé.