Rọ́bà Bíréèkì Tí Wọ́n Ti Sọ Sórí Àkìtàn

Ní ọdún 2021 ni mo ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀ kan ní ọ̀nà Gbọ̀ngán, níbí ní Òṣogbo. Mẹkáníìkì mi bá mi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó sì ní kí n máa gbé e lọ. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo fi wà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń ti Ìkìrun bọ̀, ọlọ́kadà kan já síwájú mi, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì bá a dé ilẹ̀ láìsí pé ọkọ̀ náà dẹwọ́ eré rárá. Nígbà tí mo ń yà fún ọlọ́kadà náà ni mo kọlu ògiri gọ́tà. Egungun itan mi ọ̀tún ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Ìgbọ̀nà sì wà ní títì fún oṣù márùn-ún.

Gbogbo ẹni tó wá kí mi ní ilé ìwòsàn ló ní kí n ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́, pé ọwọ́ ayé ni, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ti ń bá àwọn tó ń ra àjákù irin dúnàádúrà lórí ọkọ̀ náà, kí a lè rí owó oògùn san. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló ní kí a ka lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lára ọkọ̀ náà fún òun. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí íkànnì NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú pópó, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè yẹ ọkọ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu gidigidi. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pe irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe kí n tó rà á, nítorí pé rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà lọ sí táyà iwájú máa ń sán, tí epo á sì jò dànù. Kò sí ẹni tó ṣe àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn sára tèmi kí wọ́n tó kó o wá sílẹ̀ wa.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò tí mo tọ̀ lọ ní Òkè-Fìà bi mí ni pé níbo ni ọkọ̀ náà wà. Ó ṣàlàyé pé òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ń mójú tó, di ẹ̀bi jàǹbá tí ọjà alábùkù bá fà ru ẹni tó ta ọjà náà, àti pé ohun tí oníṣòwò kọ sínú rìsíìtì pé bí mo ṣe rí ọkọ̀ náà ni mo ṣe rà á kò lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ní rọ́bà yẹn lọ́wọ́, wọn yóò sọ pé eré àsápajúdé ni mo sá. Mẹkáníìkì sì ti tú u, ó ti sọ ọ́ sórí àkìtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá a fún ọjọ́ méjì gbáko kó tó rí i, ojú ibi tó ti sán sì hàn gbangba. N kò lè san oore ọmọ yẹn tán. A dá títa ọkọ̀ náà dúró, a sì kó ìwé ọlọ́pàá, àwòrán egungun, rìsíìtì ilé ìwòsàn, ìwé àṣọ́bodè àti ìwé ìṣirò ọjà ṣọ́ọ̀bù mi jọ.

Oníṣòwò náà kọ́kọ́ sẹ́. Lẹ́yìn tí a fi ẹjọ́ sùn ní FCCPC, òun àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá bẹ̀ mí, ó sì san owó ilé ìwòsàn pẹ̀lú díẹ̀ lára èrè tí mo pàdánù. Agbẹjọ́rò mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà títí wọ́n fi yọ gbólóhùn kan tó ní mo ti yọ̀ǹda gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ká ní mo fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ mi pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ì bá ti parí níbẹ̀.

Èsì tí ilé iṣẹ́ náà fún wa ni pé àwọn kò ṣe ọkọ̀ yẹn fún ọjà Nàìjíríà. Èsì yìí dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Takata, ilé iṣẹ́ Japan tí airbag rẹ̀ (àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dáàbò bo èrò inú ọkọ̀) ń bú gbàmù tó sì ń ṣe èèyàn léṣe, dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, mílíọ̀nù 125 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó fara pa, nínú bílíọ̀nù kan dọ́là tí wọ́n ní kí Takata san. Egungun tó ṣẹ́ ní Òṣogbo kò yàtọ̀ sí tiwọn. A ti kọ̀wé padà sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mi, rọ́bà náà sì wà nínú àpò ọ̀rá ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò mi, pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí a rí i lára rẹ̀.