Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ẹ̀yìnkùlé tóóró lè gba ààrò bíríkì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí ààrò bíríkì tí mo lè máa fi igi yan búrẹ́dì. Àyè ni ìṣòro mi. Ẹ̀yìnkùlé mi kò ju mítà 3 sí mítà 2 lọ. Fẹ́ǹsì wà lápá kan, fèrèsé ilé ìdáná wà lápá kejì, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì yẹn gan-an sì ni aládùúgbò mi ń sá aṣọ sí. Mo ní búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ṣé mo lè fi mọ ọ́n? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mi ò mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà: Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lo búlọ́ọ̀kù yẹn mọ. Ẹ fi mọ ẹsẹ̀ ààrò, kó ga dé ìbàdí yín, ẹ ò ní máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá. Má jẹ̀ẹ́ kó fojú kan iná, torí símẹ́ǹtì tí iná ń jó léraléra á máa rún wẹ́wẹ́ ni. Bíríkì tí wọ́n dìídì ṣe fún iná ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀ inú rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, sẹ̀ǹtímítà 60 nínú tó yín. Bíríkì á gba bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ́tùn-ún, 11 lósì. Ohun tí ẹ máa fi bò ó kí ooru má sá á gba 10, 10. Gbogbo rẹ̀ ò ju mítà 1 àti díẹ̀ lọ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹnu ààrò lèmi fi jìyà ní tèmi. Mo ní kó ga kí ìkòkò ńlá lè wọlé. Ìkòkò wọlé lóòótọ́, ooru náà sì jáde! Bí inú bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, ẹnu kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ. Iwájú, lókè ẹnu náà, sì ni kí ẹ fi ihò èéfín sí. Ẹ má lu òrùlé o.

Ọmọ Amọ̀kòkò: Ẹ po amọ̀ mọ́ yanrìn, ẹ ṣù ú bí ọsàn, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti àyà yín. Bó bá tẹ́ pẹẹrẹ, omi pọ̀. Bó bá fọ́n ká, ó gbẹ jù. Bó bá balẹ̀ tó ṣì jọ ọsàn, ẹ máa mọ ọ́n lọ. Ẹ tún to ìgò òfìfo sáàárín yanrìn lábẹ́ ilẹ̀ ààrò, kí ooru má baà rì sísàlẹ̀.

Ọmọ Amọ̀kòkò: Ẹ dákun, ẹ má kánjú dáná. Ọjọ́ kẹta tí mo parí tèmi ni mo kó igi sí i. Mo kàn gbọ́ "pàà!", ni òrùlé bá là láti ẹnu dé ẹ̀yìn, omi sì ń hó wìì lójú ibi tó là. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá fi ìṣẹ́pẹ́ dáná kékeré fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Adélébọ̀ Kan: Èéfín nìwà lóòótọ́, àmọ́ orí aṣọ tí aládùúgbò sá ni tiyín máa rú sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sì béèrè bóyá òfin àdúgbò yín gba iná igi láyè.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Lánàá ni mo jó ewé tútù díẹ̀ nínú agolo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n lè wo ibi tí èéfín máa gbà. Ilé ìdáná èmi fúnra mi ni gbogbo èéfín rẹ̀ wọ̀! Màá gbé ẹ̀yìn ààrò sí igun fẹ́ǹsì, kí n sì kọ ẹnu rẹ̀ sí ìhà tó gùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ọwọ́ pátákó tí ẹ máa fi ti búrẹ́dì wọlé kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìdí ọwọ́ pátákó tèmi máa ń lu ògiri ni gbogbo ìgbà tí mo bá fà á jáde.