Aṣọ ìyá àgbà jáde lọ sí Olúmọ: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ẹniọlá, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jókòó, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ara mi ni mo sì fẹ́ fi sùn.

Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà mi tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Nígbà tí màmá lọ, èmi ni wọ́n gbé e fún, torí pé nínú gbogbo ọmọ-ọmọ, èmi nìkan ni mo máa ń bi wọ́n léèrè orúkọ aṣọ. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ló wà nísàlẹ̀: ọ̀kan Ìbàdàndùn, ọ̀kan Ọlọ́ba. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàndùn mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ń yà sí i, wọn a sì to ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Ọlọ́ba ní tirẹ̀, ọba òyìnbó àti olorì rẹ̀ ló jókòó sí àárín, nítorí àjọ̀dún ọdún 25 tí George Karùn-ún lò lórí oyè, ní 1935. Màmá máa ń sọ pé ojú ọba yẹn jọ ti ọkùnrin tó ń gba owó orí ládùúgbò wọn nígbà náà. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ẹ̀fẹ̀.

Mi ò gé aṣọ náà o. Ìbàdàndùn yẹn ni mo ró, mo ṣẹ́ ẹ po sókè dé orúnkún bíi ti àwọn olólékú, mo wọ bùbá funfun lé e, mo ní kí wọ́n di ṣùkú fún mi. Ẹniọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ gáùn funfun pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Àbúrò rẹ̀ dé abetí-ajá tó ń bọ́ sí i lójú. Bàbá wọn ní kí a má fi òun ṣe eré orí ìtàgé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Moníyà, a sọ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021 ni mo ti ń sọ pé a máa wọ̀ ọ́. Oúnjẹ wa wà nínú abọ́ tánganran olómorí, èyí tó ní òdòdó pupa lára: mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ̀kọ, àti dòdò díẹ̀. Mo fi aṣọ di í ní kókó méjì, mo gbé e lé itan. Àwọn tó jókòó nítòsí wa ń jẹ gàlá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ewé mọ́ínmọ́ín, gbogbo wọn yíjú sí wa. Mo pín in kàn wọ́n. Báyìí ni oúnjẹ ọ̀sán ṣe tán kí a tó dé.

Olúmọ kò nílò ìròyìn mi. Ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè wà níbẹ̀, ọkọ mi sì ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni mo fà wọ́n gbà. Ohun tó mú mi lọ síbẹ̀ gan-an ni abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Àwọn ihò wà lára òkúta níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọn yóò sè. Ẹniọlá bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata nìyí? Nígbà tí ogun ń jà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì ráyè jẹ ata?" Mi ò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo máa ń kùn bí iná ìjọba bá lọ tí mi ò lè fi ẹ̀rọ lọ ata.

Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni òjò dé. Kì í ṣe òjò tó ń kìlọ̀. Mo fa Ẹniọlá mọ́ra, mo fi etí ìró mi bò ó, a sáré. Nígbà tí a máa fi dé abẹ́ òrùlé, aró ti wọ́ láti ara ìró mi dé ara gáùn ọmọ, ó dé ìbọ̀sẹ̀, ó dé ìdí bùbá mi. Itan mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Awakọ̀ tó gbé wa lọ sí Ìtòkú, ọjà àwọn aládìrẹ, wo ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn tí a sọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa fọ èyí." Mo fi owó lé e, mo bẹ̀ ẹ́.

Àgbà aláró kan ní Ìtòkú ló la ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó fọwọ́ kan apá ibi tí òjò kò dé lára aṣọ náà, ó fi ìka pa á, ó gbé e sún mọ́ imú. Ó ní aṣọ yìí kò mu omi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Ó fi dídán tí ó ń dán hàn mí, ó ní igi ni wọ́n fi lù ú tó fi dán bẹ́ẹ̀, pé fífọ ẹ̀ẹ̀kan péré ì bá ti mú un kúrò. Ó ní omi tútù ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ fi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí n sá a sí ibòji.

Ìyẹn ni pé màmá kò ró o rí. Wọ́n rà á, wọ́n ká a, wọ́n fi káńfọ̀ sí i, wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ kan. Ọjọ́ wo? Mo ti bi ìyá mi, mo ti bi àwọn àǹtí mi. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Gáùn Ẹniọlá, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá aláró. Wọ́n fi ìko di í, wọ́n rẹ gbogbo rẹ̀ sínú aró èlú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ránṣẹ́. Òun ni ọmọ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, kò sì gbà kí a fi omiíràn rọ́pò rẹ̀.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Ìyá Ẹniọlá, ẹ ṣeun tí ẹ kò gé e. Èmi gé tèmi, n ò sì tíì rí ojú rere nílé wa títí di òní.

Agbádá sányán bàbá mi ni. Sányán gidi, tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi òwú ọjà ṣe àfarawé rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọ̀ rẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, ó wúwo bí ẹní tó mu òjò. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí èmi kò lè wọ̀ ọ́, nítorí pé bàbá mi sanra, èmi dà bí igi ìgbálẹ̀. Mo gbé e fún aránṣọ, ó fi rán jákẹ́ẹ̀tì kan fún mi. Ó bá mi mu débi pé mo ń wá ibi tí mo máa wọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí a kó ọmọ lọ sí Agodi Gardens lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, bá wa lọ. Wọ́n rí jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Sányán ni baba aṣọ." Ojú wọn tilẹ̀ ń ṣe omi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

A padà sílé. Ìyàwó mi, ẹni tó mọ ilé tọ́jú, ti fi èyí tó kù lára agbádá náà rán tìmùtìmù mẹ́rin sórí àga pálọ̀. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Bàbá Kékeré jókòó. Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n wo abẹ́ wọn. Wọ́n dìde bí ẹni tí iná jó.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ní kí n fi ìdí lé ẹ̀gbọ́n mi lórí?"

Wọn ò jẹun. Wọn ò gba ẹran Iléyá tí a dì fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, ìyàwó wọn ló ń gbé e. Kí ni kí n ṣe?

Abíkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Bẹẹrẹ, o ṣẹ̀, ṣùgbọ́n o pa mí lẹ́rìn-ín.

Níbí, òtútù ni ọ̀tá òlékú. Mo ra àǹkárá ní Rye Lane, mo rán òlékú: bùbá alápá fífẹ̀, ìró kúkurú, gèlè tín-ń-tín, bíi ti àwọn ìyá wa nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. A kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà Horniman ní Forest Hill, nítorí pé wọn kì í gba owó láti wọ inú ọgbà náà, àti pé láti orí òkè ibẹ̀ a máa ń rí àárín ìlú lọ́ọ̀ọ́kán. Oòrùn oṣù kẹrin ń tàn, irọ́ ló sì ń pa. Kí a tó rìn dé ibi tí àwọn ewúrẹ́ wà, mo ti wọ kóòtù ọkọ mi lé gbogbo ẹwà náà.

Màmá àgbàlagbà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ mi, bọ́ kóòtù yẹn kí n rí ọ." Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bọ́ ọ. Wọ́n ní 1968 ni àwọn dé ìlú yìí láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òlékú mẹ́ta ni àwọn kó wá. Òtútù àkọ́kọ́ ló mú kí àwọn ká wọn pamọ́, ọ̀kan sì di aṣọ fèrèsé. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa ìró mi wálẹ̀ wìì. "Orúnkún la ní kó dé. Èyí tí o wọ̀ yìí, bọ̀ǹfò ni."

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

Tèmi kò gùn. Mo ra àmù gbé sí pálọ̀, nítorí omi inú rẹ̀ tútù láìsí fíríìjì. Nílé bàbá wa, orí yanrìn ló ń jókòó sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi gbé e lé orí kápẹ́ẹ̀tì. Àmù a máa làágùn, òógùn yẹn gan-an ló ń mú omi tutù, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mi ò kàn rò ó ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olú hù sí kápẹ́ẹ̀tì wa. Olú, ẹ gbọ́. Àwọn ìbejì ní kí a sè é.

Tíṣà Àná

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ sọ ti asọ̀rọ̀mágbèsì.

Èyí tó jẹ́ ti bàbá mi àgbà ni mo jogún, àpótí pákó tó ní bọ́tìnnì kan péré. Ìyàwó mi nù ún, ó fi òróró kùn ún, ó di ọ̀ṣọ́ pálọ̀. Èmi rò pé rédíò tó bàjẹ́ ni, mo gbé e lọ fún àgbà kan tó ń tún rédíò ṣe. Ó tú u, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Tíṣà, kò bàjẹ́. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó lè gbá ohùn inú afẹ́fẹ́ mú." Lóòótọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé Èkó ní 1935, waya ni wọ́n ń fà láti ibùdó tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ wọ inú ilé oníkálukú, tí wọ́n á sì máa sanwó rẹ̀. O kò lè yan ibòmíràn láti gbọ́. O lè yí ohùn rẹ̀ sókè, o lè yí i sílẹ̀, ó parí. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn nìyẹn: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì.

Ọmọ ọmọ mi ti sọ gbohùngbohùn kékeré kan sínú rẹ̀, fóònù ló fi ń darí rẹ̀. Lójijì ni àpótí bàbá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí mi ò gbọ́ rí, ní agogo mẹ́fà ìdájí. Mo pariwo pé kó pa á. Kò gba èsì.

Ìyá Ẹniọlá, Ìbàdàn

Tíṣà, ẹ fẹ́ pa wá o!

Ọmọ Bẹẹrẹ, mi ò ní tàn ọ́, ti Bàbá Kékeré ni mò ń ṣe. Jákẹ́ẹ̀tì kò burú, ara ọmọ ló wà. Tìmùtìmù ni ìṣòro. Tú u, kó àwọn àjákù náà jọ, kó wọn lọ bá wọn fúnra rẹ. Má pè wọ́n. Má mú ìyàwó rẹ lọ.

Ọmọ Bẹẹrẹ

Mo ti lọ, lánàá. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fọn òwú rẹ̀ kúrò, mo ká a sínú láílọ́ọ̀nù. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ò ní kí n dìde kíá o, wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn àjákù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Apá òsì dà?"

Mo ní ó wà lára jákẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ Àìkú.